Ilé àtijọ́ tó kọjú sí kọ́ọ̀tù: ṣé ká rà á, àbí ká sá fún un?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú kékeré kan ní Texas, tí kò jìnnà sí Austin, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Kọ́ọ̀tù káúńtì ló wà láàárín ìlú, àwọn ṣọ́ọ̀bù bíríkì alájà méjì sì yí i ká níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Wọ́n fẹ́ ta ọ̀kan nínú wọn. Láti nǹkan bí 1890 ló ti wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ṣófo. Ìyàwó mi fẹ́ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe búkà, kó máa ta àmàlà àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká má dán an wò láé, pé ìgbìmọ̀ kan wà tí yóò máa yan àwọ̀ ọ̀dà fún wa, pé bí a bá kan ìṣó kan mọ́ ara ilé náà láìgbàṣẹ, kọ́ọ̀tù tó wà níwájú ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wọ́ wa lọ. Ó ní ká ra ilẹ̀ létí ọ̀nà márosẹ̀, ká kọ́ tuntun. Èwo ni ká ṣe? Kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n fi ń tìtorí ilé tó ti gbó fa wàhálà báyìí?

* * *

Àbúrò, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ ohun méjì ló lù pọ̀.

Ìwé orúkọ kan wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní National Register of Historic Places. Òfin ọdún 1966 ló dá a sílẹ̀. Òfin mìíràn tún wà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ilé bá ti wọ ìwé ìjọba àpapọ̀, wọ́n ti de onílé lọ́wọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí owó tó o fẹ́ ná bá jẹ́ tìẹ, tí owó ìjọba àpapọ̀ tàbí ìwé àṣẹ wọn kò sí nínú rẹ̀, o lè wó ilé náà palẹ̀ lọ́la, ìwé orúkọ yẹn kò ní lè dí ọ lọ́wọ́.

Òfin ìlú ló léyín. Ní 1978, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Penn Central, lórí ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gogoro lé e lórí, ìlú kọ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá ìlú láre. Látìgbà náà ni ìlú kéékèèké ti mọ̀ pé àwọn náà lè ṣòfin bẹ́ẹ̀ kó sì dúró.

Nítorí náà, kó o tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, lọ sí ọ́fíìsì ìlú, kó o béèrè bóyá ilé náà wà nínú àgbègbè tí òfin ìlú ń dáàbò bò. Ìlú mìíràn ní irú òfin yìí, òmíràn kò ní. Bó bá wà níbẹ̀, ara ìta tí ará ìgboro ń rí ni wọ́n sábà máa ń dá sí. Ibi tí ìyàwó rẹ máa gbé ìkòkò àmàlà sí kò kàn wọ́n. Ní ti ọ̀dà, ìlú púpọ̀ ni kò bìkítà bóyá pupa lo fi kun fèrèsé tàbí aró. Bó bá jẹ́ bíríkì tí ẹnikẹ́ni kò kùn rí lo fẹ́ da ọ̀dà bò, wọ́n á bá ọ jà. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi náà máa wà lọ́jọ́ yẹn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

* * *

*Ẹnì kan kọ̀wé pé: «Ibi tí òyìnbó fi ju tiwa lọ nìyí. Wọ́n mọ iyì ohun àtijọ́. Àwa rèé, a wó Ilojo Bar l'Ékòó lójú ọ̀sán gangan.»*

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa fi ara wa ṣẹ̀sín lọ́fẹ̀ẹ́. Lóòótọ́ ni Ilojo Bar lọ. Ilé àwọn Fernandez ní Tinubu ni, láti 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: òfin tó wà lórí Ilojo Bar le ju èyí tó wà lórí ilé tí àbúrò yìí fẹ́ rà lọ. Òfin tiwa ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ti Amẹ́ríkà ní ẹ̀rí nìyí pé ilé náà níyì, ó sì fi onílé sílẹ̀ kó ṣe bó ti wù ú.

Ẹ tún béèrè iye ilé tí wọ́n ti wó yí kọ́ọ̀tù ká ní Amẹ́ríkà yìí láàárín 1950 sí 1980. Ẹ̀gbẹ́ kan lódindi máa ń lọ nígbà mìíràn, nítorí kí báńkì lè ráyè gbọ́kọ̀ sí. Ohun tó dá ọ̀pọ̀ èyí tó kù sí kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn. Àìlówó ni. Ìlú tí owó yà sí lásìkò yẹn wó tiwọn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti dígí kọ́ òmíràn. Ìlú tí ọjà rẹ̀ ti kú kò rówó san fún katakata tó máa wó ilé, torí ẹ̀ ni ilé fi wà níbẹ̀ di òní tí àwọn arìnrìn-àjò ń yà á ní fọ́tò.

* * *

Ìbéèrè kejì rẹ, kí ló fà á tí wọ́n fi ń jà nítorí rẹ̀. Ó yẹ ká mọ ohun tí ojúde kọ́ọ̀tù jẹ́.

Káúńtì 254 ló wà ní Texas, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìlú tí kọ́ọ̀tù rẹ̀ wà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó, kí kọ́ọ̀tù dá wà láàárín, kí títì yí i ká, kí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí i níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Shelbyville ní Tennessee ni àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, ní 1810. Láti ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó lọ sí ìwọ̀ oòrùn ti gbé e lọ sí Missouri, Arkansas, Texas. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ máa ń wá láti san owó orí, láti forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, láti rojọ́, láti gbéyàwó. Bó bá sì ti wá bẹ́ẹ̀, á ra iyọ̀, á ra bàtà, á gé irun. Lọ́yà àti dókítà eyín wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Ní ìlú mìíràn, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé wà lókè níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé, wọ́n wá la ọ̀nà márosẹ̀ tó yí ìlú sílẹ̀. Wọ́n ṣí Walmart àkọ́kọ́ ní Rogers, Arkansas, ní 1962, irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ sì tẹ̀lé ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ojúde bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù alumíníọ̀mù bo ojú ilé wọn kí ó lè dà bí ti ìgbàlódé. (Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ilé tó ṣì wọ páànù yẹn o. Yàtọ̀ sí ihò tí wọ́n fi ìdè irin lu, bíríkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà bí wọ́n ti kọ́ ọ, torí òjò àti oòrùn kò rí i.)

Àmọ́ ohun tí kì í wọ inú ìròyìn ni pé káúńtì fúnra rẹ̀ máa ń ba ọjà ojúde jẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọ́n bá kó ọ́fíìsì owó orí àti ilé ìgbẹ́jọ́ lọ sí ilé ńlá kan lẹ́yìn ìlú, lọ́yà á tẹ̀lé wọn, akọ̀wé á tẹ̀lé lọ́yà, àwọn tó ń jẹun ọ̀sán ní ojúde kò sì ní sí mọ́. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìpàdé ìlú, ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ dìde sí, ẹ fi ti ọ̀dà sílẹ̀.

* * *

Ó kan iṣẹ́ mi wàyí. Bíríkìlà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, Texas ni mo ti ń jẹun nídìí rẹ̀, ara irú ilé yìí gan-an sì ni.

Àwọn ọ̀gá bíríkìlà púpọ̀ láàárín wa máa ń bá mi jiyàn pé sìmẹ́ńtì tó le ló dára, pé bó bá ti le tó ni ilé ṣe ń pẹ́ tó. Fún búlọ́ọ̀kù tí à ń lò nílé, ẹ jàre. Fún bíríkì 1890, pípa lẹ ń pa á.

Bíríkì ìgbà yẹn rọ̀. Iná tí wọ́n fi sun ún kò bára dọ́gba, ara rẹ̀ sì ń mu omi. Ẹfun òkúta sísun àti iyanrìn ni wọ́n fi so ó pọ̀, sìmẹ́ńtì kò sí níbẹ̀ tàbí kó kéré gan-an. Bí òjò bá rọ̀, ògiri á mu omi díẹ̀. Bí oòrùn bá là, omi á gba ojú oríkèé tó wà láàárín bíríkì jáde, torí ẹfun rọ̀ ju bíríkì lọ. Oríkèé ló ń jìyà, bíríkì ń gbádùn. Lẹ́yìn bí àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ ó ha oríkèé tó ti jẹ, ẹ ó fi tuntun sí i, ilé á tún máa lọ.

Kọngílá òde òní á wá dé pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì Portland, á dí gbogbo oríkèé pa. Ó le ju bíríkì lọ, omi kò lè gbà á jáde, ojú bíríkì ló wá kù tó máa gbà. Iyọ̀ inú omi á gbẹ sábẹ́ awọ bíríkì, á máa tì í síta, yìnyín ìgbà òtútù á bá a dá sí i. Lọ́dún bíi mélòó kan, ẹ ó rí i: sìmẹ́ńtì á yọ síta gbọnrangandan, bíríkì tó wà láàárín rẹ̀ á ti wọnú lọ, ojú rẹ̀ á máa bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò nù ún, ìyẹ̀fun pupa á kún yín lọ́wọ́. Kò sí àtúnṣe fún un mọ́ ju kí ẹ yọ bíríkì náà, kí ẹ wá òmíràn tó jọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni màá wà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọ̀dà tí omi kò lè gbà kọjá, tàbí òróró ìdámi tí wọ́n ń fọ́n sára ògiri, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ní ojúde tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kọngílá kan fọ́n òróró ìdámi sára ilé kan yíká, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Òrùlé ilé náà ń jò. Omi gba òkè wọnú ògiri, kò rọ́nà jáde síta mọ́, ló bá gba inú ilé jáde, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri inú ilé bá ń já bọ́ sórí ọjà oníṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọ́n wá pè láti tún un ṣe.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iyanrìn sí bíríkì lára kó lè mọ́, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ilé yín. Awọ tí iná sun bíríkì dé níta ló le jù lára rẹ̀. Bí ẹ bá bó o, inú tó rọ̀ lẹ gbé síta fún òjò yẹn.

Bí àbúrò bá dé ibi ilé náà, kó mú kọ́kọ́rọ́ kan, kó ha oríkèé ògiri ẹ̀yìn, níbi tí wọn kì í sábà tún ṣe. Bó bá ń dà wúruwúru, ẹfun ni, ohun rere nìyẹn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹnì kan ti fi sìmẹ́ńtì sí i, kó sì wo bíríkì tó yí i ká. Àpòpọ̀ tí èmi sábà ń lò ni sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, ẹfun 2, iyanrìn 9. Bí bíríkì bá rọ̀ jù, mo tún ń dín sìmẹ́ńtì kù.

* * *

*«Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ta ni ẹ ń tọ́jú gan-an? Lásìkò tí wọ́n kọ́ àwọn ilé yìí, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó jẹun nínú wọn?»*

Wọn kò ní jẹ́. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Denton ni kí ẹ wò, lókè Dallas. Kọ́ọ̀tù 1896 rẹ̀ rẹwà, ojúde rẹ̀ kún fún èèyàn. Ní 1918 wọ́n gbé ère ọmọ ogun Confederate, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jagun kí òwò ẹrú má bàa dópin, síwájú kọ́ọ̀tù náà, 2020 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Kò jìnnà sí ojúde yẹn ni àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Quakertown wà, pẹ̀lú ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ní 1921 àwọn olùdìbò ìlú fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà láti fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò, wọ́n yí àwọn ilé kan lórí igi gba títì kọjá lọ sí gúúsù-ìlà-oòrùn ìlú. Torí náà, bí ẹ bá rí ojúde tó pé pérépéré, ẹ rántí pé ti ẹni tó lágbára ló ṣẹ́ kù. Ilé pákó Quakertown kò ní ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀dà fún un.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín ti yà nìyí: ẹ ní nítorí náà kí ó wó. Mo ní kí tiwa wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kan àkọlé mọ́ ògiri pé lágbájá ló kọ́ ilé yìí, kí wọ́n kọ ẹni tó ru bíríkì rẹ̀ àti ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé sí i. Bí obìnrin Yorùbá bá sì gbé pátákó búkà kọ́ sí ojúde kọ́ọ̀tù Texas lónìí, ìyẹn náà á wọ ìtàn ilé.

* * *

Ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo ti gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ti ń sọ pé kò sí ibi táa máa gbé mọ́tò sí. Ẹ jí lọ wò ó láago mẹ́jọ àárọ̀: mọ́tò àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti òṣìṣẹ́ wọn ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì ní gbé e kúrò títí di ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n gbé e sẹ́yìn kọ́ọ̀tù, kí oníbàárà ráyè.

* * *

Owó. Ibi tí a ti ń gbọ́ «ìjọba máa bá ẹ san án» nìyí, tí inú èèyàn á dùn láìtọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá tún ilé àtijọ́ ṣe: dọ́là 20 nínú gbogbo 100 tó bá ná sórí àtúnṣe. Ilé tó ń mówó wọlé nìkan ni, ilé tó o fi ṣe ibùgbé ara rẹ kò sí nínú rẹ̀. Ilé náà gbọ́dọ̀ wà nínú National Register, yálà fúnra rẹ̀ tàbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ilé tó gbé àgbègbè náà ró. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí òfin owó orí padà ní 2017, wọn kì í fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń pín in sí.

Ká ní 120,000 dọ́là lo ra ilé, tí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 30,000 nínú rẹ̀. Ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ 90,000. O gbọ́dọ̀ ná ju 90,000 lọ sórí àtúnṣe láàárín oṣù 24 kó o tó lè dé ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ná 200,000, 40,000 ni wọ́n máa yọ fún ọ, ìyẹn 8,000 lọ́dọọdún. Owó tó o fi ra ilé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ààrò, fíríìjì àti yàrá tuntun tó o kọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Bí o bá tà á kí ọdún márùn-ún tó pé, wàá dá apá kan padà. Bí o kò bá sì jẹ gbèsè owó orí tó tó bẹ́ẹ̀, kí lo máa yọ kúrò nínú kí ni?

Texas ní tirẹ̀ láti 2015: dọ́là 25 nínú 100, bí ohun tó o ná bá ti ju 5,000 lọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún oníṣòwò kékeré, torí pé bí o kò bá jẹ ìjọba ìpínlẹ̀ ní owó orí, o lè tà á fún iléeṣẹ́ tó jẹ ẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, 50,000 ni.

Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn lẹ́kun ni pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́. Ya fọ́tò gbogbo igun ilé, kọ ohun tó o fẹ́ ṣe sílẹ̀, fi ránṣẹ́, kó o dúró de èsì, lẹ́yìn náà ni kó o gbé òòlù. Ẹni tó bá ti yọ àjà páànù oníṣẹ́ ọnà dànù kí wọ́n tó rí i lè máà rí kọ́bọ̀ gbà.

*«Ṣé wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀?»* Fún ilé tó o máa ná 30,000 sí, rárá, ti ìpínlẹ̀ nìkan ni kó o wá. Fún èyí tó o máa ná ìlọ́po rẹ̀ sí, gba ẹni tó mọ ìwé náà kọ, kó o sì bá akọ̀wé owó orí rẹ sọ̀rọ̀ kó o tó ra ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

* * *

Àwọn kan láàárín yín ní ojúde kọ́ọ̀tù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là àti wáìnì fún àlejò Sátidé, pé ará ìlú kò rí nǹkan rà níbẹ̀ mọ́. Mo gbà pẹ̀lú yín ju bẹ́ ẹ ti rò lọ.

Ìtàn yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Granbury ní Texas ti wọ ìwé ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú gbogbo ojúde rẹ̀ láti 1974, gbọ̀ngàn eré rẹ̀ ti 1886 sì tún ṣílẹ̀kùn ní 1975. Ní 1977, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, mú ìlú mẹ́ta, Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana àti Hot Springs ní South Dakota, láti fi dán ètò Main Street wò, ìyẹn ètò láti mú ọjà àárín ìlú sọjí. Ohun tó dáa nínú ètò yẹn ni pé wọn kò kàn tún ilé ṣe. Wọ́n gba ẹnì kan síṣẹ́ nínú ìlú kọ̀ọ̀kan tó ń wá ayálégbé, tó ń pa àwọn oníṣọ́ọ̀bù pọ̀. Georgetown, ní àgbègbè Austin, tẹ̀lé ètò náà dé ibi tó fi gba ẹ̀bùn rẹ̀ ní 1997.

Ìṣòro dé nígbà tí owó ilé ga. Oníbàtà àti onígbàjámọ̀ lọ, àlejò ló kù. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ní Sátidé, ojúde á dá wáí. Ojú tèmi ni pé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni àtúnṣe wà. Ìdajì gbogbo ilé yẹn ló wà lókè, ẹyẹlé ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ń sùn níbẹ̀, á ra búrẹ́dì ní ọjọ́ Túsìdeé, á sì tètè rí i pé òrùlé ń jò. Owó ilé ìdílé méjì tó ń gbé òkè lè san lóònù tí búkà ìsàlẹ̀ kò lè dá san.

Wọ́n á ní òfin iná kò gbà, pé ó gbọ́dọ̀ ní lífùtù. Àtẹ̀gùn kejì àti ẹ̀rọ tó ń da omi síná, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sábà máa ń béèrè wọn, owó wọn kò sì kéré. Ní ti lífùtù, òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti 1990 kò fi dandan mú un fún ọ̀pọ̀ ilé alájà méjì, àfi bí dókítà bá fẹ́ gbà á tàbí tó bá jẹ́ ilé ìtajà ńlá. Òfin ilé kíkọ́ tún ní ìwé tirẹ̀ fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì rọ̀ fún ilé àtijọ́. Béèrè bóyá ìlú rẹ ń lò ó.

* * *

Àbúrò bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé rà á ni àbí má rà á. Mi ò tíì rí òrùlé rẹ̀, torí náà mi ò lè dáhùn, àmọ́ ohun tí màá wò rèé bí mo bá jẹ́ ìwọ.

Lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Òrùlé irú ilé yìí máa ń dà sẹ́yìn, ògiri sì ga ju òrùlé lọ yíká. Bí ewé bá dí ihò tí omi ń gbà jáde, adágún ni wàá bá lókè. Gun òkè, lọ sí igun ẹ̀yìn, wo ibi tí igi àjà ti ki orí bọ ògiri. Mú sùkúdíráfà, gún orí igi náà. Bó bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀bà, igi yẹn ti jẹrà, kó o sì ka iye tó rí bẹ́ẹ̀ kó o tó sọ iye tó o máa san. Bí orí igi bá le tí ògiri sì dúró gbọnyin, tí ògiri rẹ̀ kò sì yọ ikùn síta, rà á, kó o gbàgbé ilẹ̀ etí márosẹ̀.

Wo ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ ilé tó ṣófo ní ojúde jẹ́ ilé ẹbí, gẹ́gẹ́ bí tiwa nílé: bàbá kú, àwọn ọmọ wà ní Houston àti California, ẹnì kan nínú wọn ń tà, ẹnì kan ò sì gbọ́. Gba lọ́yà kó tú ìwé ilẹ̀ náà wò ní kọ́ọ̀tù, ó kàn máa sọdá títì ni.

Ògiri tó wà láàárín ìwọ àti ilé kejì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sábà máa ń ni ín. Bí aládùúgbò bá wó tiẹ̀, ògiri tí òjò kò lù rí á di ògiri ìta lọ́jọ́ kan. Béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá ìwé àdéhùn wà lórí rẹ̀. Kó o sì pe iléeṣẹ́ ìbánigbófò kó o tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí àwọn kan kì í gba ilé tó ṣófo, àwọn mìíràn á gbà á ṣùgbọ́n wọn kò ní san iye tí yóò tó láti fi tún bíríkì àti àjà páànù ṣe bó ti wà. Bí o bá ti rí ẹni tó gbà á, fi fọ́tò òrùlé àti ti orí igi àjà ránṣẹ́ síbí. Ti iwájú ilé, fi pa mọ́ fún Facebook.